Ìyá Mi Ló Kọ́kọ́ Wọn Ọ̀nà

Òru kọkànlá rèé lórí òkè yìí,
ní aṣálẹ̀ Atakámà tí òjò kò mọ̀nà rẹ̀.
Òtútù mú mi dé èékánná.
Wenzel ti sùn lọ lórí àga, kọfí rẹ̀ ti dì.
Ó ku èmi àti agbo ìràwọ̀ kan
tó lọ́ bí òkòtó tí ọmọdé ta sílẹ̀,
tí kò tíì dúró.

Ẹ ní, báwo la ṣe mọ bó ṣe jìnnà tó?
Okùn wo la ta? Ẹsẹ̀ ta ló débẹ̀?
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Otilia, ìyá mi.

Bàbá mi ń wa bàbà.
Òru ló máa ń ti inú ihò bọ̀,
àtùpà kábáìdì kan níwájú orí rẹ̀.
Ìyá mi ló ń rọ àtùpà náà nírọ̀lẹ́,
ó mọ ìtànṣán rẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni mowó.
Bó bá wá yọjú lẹ́nu ọ̀nà,
tó rí i fírífírí bí ojú ológbò,
a ní, "Ó ṣì wà ní gegele kejì. Ẹ má tíì bu ọbẹ̀."
Kò kàwé. Ẹnìkan ò sọ fún un
pé bí iná bá jìnnà ní ìlọ́po méjì,
ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń kù fún ojú,
bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án.
Ọwọ́ tó fi di ìgbákọ mú ló mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ta ló rọ epo sí ìràwọ̀?
Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le.
Aràrá tó sún mọ́ni lè jọ òmìrán ọ̀nà jíjìn.
Àfi irú kan tó ń mí:
ó ń wú, ó ń súnkì,
ó mọ́lẹ̀, ó ṣe bàìbàì, ó tún mọ́lẹ̀,
ọjọ́ márùn-ún, ogún ọjọ́, ogójì.
Èyí tí iná rẹ̀ pọ̀ jù ni èémí rẹ̀ ń falẹ̀ jù.
Ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ iye epo inú rẹ̀.
Ka ọjọ́ èémí rẹ̀, o ti mọ agbára iná náà;
wo bó ṣe kéré tó lójú rẹ,
ìyókù diṣẹ́ Otilia.

Mẹ́tàdínlógún ni mo kà ní apá òkòtó yìí.
Ẹyọ karùn-ún ń mí ní ọjọ́ mẹ́rìnlélógún.
Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò sọ fún Wenzel.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, kamanṣáká ti òkun gòkè wá,
kùrukùru tó ń jẹ ojú ọ̀nà jẹ ilé.
Ìyá mi rí àtùpà bí orí abẹ́rẹ́.
Ó ní ó ku wákàtí kan. Ó bo iná mọ́lẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀.
Bàbá mi sì rèé lẹ́nu géètì,
ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.
Ọbẹ̀ tútù ló jẹ. Kò bínú.
Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò yé sọ ọ́.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ mo pe ìyá mi lórí fóònù.
Mo ní, mo ti rí iye rẹ̀:
ọ̀ọ́dúnrún ọ̀kẹ́ ọdún ni ìmọ́lẹ̀ náà fi rìn
kó tó bá mi níbí,
bó lé, bó dín, kò ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí ìkòkò ń hó lẹ́yìn rẹ̀.
Ó ní, "Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lẹ ń pè ní díẹ̀?"
Lẹ́yìn náà ló wá bi mí, jẹ́jẹ́,
"Ṣé kò sí kamanṣáká lójú ọ̀nà?"

Eruku wà. Eruku ń bẹ láàrin àwọn apá òkòtó náà,
a máa dín iná kù, a máa pọ́n ọn lójú.
Mo gbé kọfí dídì Wenzel kúrò lórí ìwé.
Mo fi awò pupa wo ẹyọ karùn-ún,
mo fi aláwọ̀ aró wò ó,
mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà.